Súìṣì Tó Gbọ́n Jù Mí Lọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó ń tì mí lójú jù, kí ara lè tù mí. Mo ra bátìrì tuntun fún máṣíìnì tí bátìrì rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Mo ra púlọ́ọ̀gì tuntun lé e. Mo sanwó fún ẹni tó tú kábúrétọ̀ rẹ̀ palẹ̀, mo sì tún sanwó fún un nígbà tó fẹ́ tò ó padà, nítorí ó ní iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Gbogbo owó yìí lọ nítorí súìṣì pupa kan báyìí, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi, tí ẹnì kan ti tì sí ibi tí wọ́n kọ OFF sí.

Ẹni náà kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọ aládùúgbò wa ni, ìyá rẹ̀ ń ta omi inú ọ̀rá àti mínírà lẹ́nu géètì wa. Kò sí ọjọ́ tí ọmọ yìí kì í gun máṣíìnì mi lọ sí Kánò lórí ìdúró. Á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní "fùn-ùn-ùn", á tẹ hóònù, á tẹ tiráfíkétọ̀, gbogbo ohun tí ìka rẹ̀ bá ká ni yóò tẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń gbé e lé e lórí. Inú mi a máa dùn pé ọmọ náà fẹ́ràn ẹ̀rọ.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ni àgbàlagbà tó ti hu ewú ń fi máṣíìnì ṣe, ẹ jẹ́ kí n ro tẹnu mi. Oko Ọba ni mo ń gbé, ní apá Scheme. Ọ̀nà Ọba Akran ní Ikeja ni iṣẹ́ mi wà. Lójú máàpù, ibẹ̀ kò jìnnà. Lójú títì, ó dá lórí bí oríta Pen Cinema bá ṣe jí láàárọ̀. Wọ́n ṣí afárá síbẹ̀ ní 2021, a sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n afárá kì í dín ọkọ̀ kù. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ tó kúrò lábẹ́ rẹ̀ kàn ń lọ dúró níwájú ni. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Red Line wá bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní October 2024, tó ń ti Agbado bọ̀, tó ń gba Iju àti Agege dé Ikeja kó tó forí lé Oyingbo, mo rò ó, mo tún un rò. Láti Agege sí Ikeja, ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e ni. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni bí mo ṣe máa ti Oko Ọba dé ibùdókọ̀ Agege kí ọkọ̀ tó lọ, nítorí ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe dánfó tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ yóò máa lu ara rẹ̀ dúró dè ọ́. Bí mo ṣe lọ ra máṣíìnì nìyẹn.

N kò ra irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Bajaj tí wọ́n ń gùn yẹn, kò sí mẹkáníìkì abẹ́ igi kan ní Agege tí kò lè tú u ká lójú oorun. Èmi ra tòkunbọ̀, 250cc, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ti kọ́kọ́ lo ayé rẹ̀ ní Yúróòpù kó tó bọ́ sí ọwọ́ wa. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní páwà báìkì, n kò sì bá wọn jiyàn. Bí mo bá dé akoto dúdú tí mo wọ ibọ̀wọ́, mo máa ń rìn lọ́tọ̀. N kì í gùn ún wọ Ikeja, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù February 2020 ni ìjọba Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí Ikeja wà nínú wọn, wọ́n sì tún mú òfin náà le sí i ní 2022. Òótọ́ ni pé èmi kì í gbé èrò, ṣùgbọ́n kí n tó ṣàlàyé ìyẹn tán fún àwọn tó ń mú ọ̀kadà, wọ́n á ti sọ máṣíìnì sẹ́yìn tírọ́ọ̀kù. Agege ni mo ti ń gbé e sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ibi rẹ̀, mo yí i. Iná iwájú tàn. Hóònù ké. Létà N aláwọ̀ ewé tó máa ń sọ pé jíà wà ní fírì tàn. Mo tẹ sítátà. Kò dún rárá. Mo tún un tẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ aago ilé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Ó dákẹ́.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bátìrì tó ti kú kì í tan iná iwájú gaara báyẹn. Iná á ṣókùnkùn, hóònù á máa kùn, sítátà á máa ṣe tá-tá-tá láìyí. Bí gbogbo nǹkan bá tàn tí sítátà nìkan wá dákẹ́ pátápátá, á jẹ́ pé agbára wà, ibì kan lójú ọ̀nà ni wọ́n ti dá a dúró. Èmi kò mọ iṣẹ́. Mo ní, "Bátìrì ni," ohùn mi sì le débi pé ọdẹ géètì wa náà mi orí, ó ní òun ti ń fura sí bátìrì yẹn.

A bá bẹ̀rẹ̀ sí tì í. Ọdẹ wà níbẹ̀, ọlọ́kadà méjì dúró, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lọ síbi iṣẹ́ fi báàgì rẹ̀ kọ́rùn. Ọ̀nà tó lọ sí Odò Ẹran ni a forí lé, nítorí ó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Oko Ọba mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí láàárọ̀: màlúù tó ti òkè Ọya wá ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, alápatà ń sáré, omi ẹran ń ṣàn, ọlọ́kadà gbé odindi itan màlúù sẹ́yìn láìdè é. Alápatà kan rí i pé agbára wa kò ká a. Ó gbé ẹsẹ̀ màlúù tó wà léjìká rẹ̀ kalẹ̀ sórí kọ́ọ́ńkéré etí gọ́tà, ó ní, "Bàbá, ẹ kó o sí jíà kejì! Bí mo bá ti ní 'tú u', ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì!" Ọkùnrin náà lágbára. A sá, a sá, mo tú kílọ́ọ̀ṣì, táyà ẹ̀yìn wọ́ nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣe hùù, ó dákẹ́. A tún ṣe é. Nísinsìnyí tí mo ti mọ̀ pé súìṣì pupa yẹn máa ń pa iná púlọ́ọ̀gì, mo lè sọ fún yín láìbẹ̀rù pé bí a bá tì í dé Kánò tí ọmọ yẹn ń lọ, kò ní jí.

Nígbà tí a padà, ajá kan ti wà nídìí ẹsẹ̀ màlúù. Alápatà wo ajá, ó wo ẹsẹ̀, ó wá yíjú sí mi, kò sọ̀rọ̀. Mo ra ẹsẹ̀ náà.

Mẹkáníìkì tí wọ́n bá mi pè wá kò jókòó kó tó sọ pé bátìrì ni. Nígbà tí bátìrì tuntun kò yí nǹkan kan padà, ó ní òun ti mọ̀ pé púlọ́ọ̀gì wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí púlọ́ọ̀gì kò ṣe nǹkan kan, ó bojú wo kábúrétọ̀, ó mí kanlẹ̀. N kò dá a lẹ́bi rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wá nǹkan ṣe. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n bi í léèrè ìdí tí kábúrétọ̀, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ epo, fi máa dí sítátà, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ iná, lọ́wọ́. N kò bi í. Mo ń bẹ̀rù kó má baà mọ̀ pé n kò mọ̀.

Bó ṣe wá parí rèé. Mẹkáníìkì tẹ orí bọ abẹ́ táńkì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹ sítátà nígbàkúùgbà tí ọ̀gá bá ní "tẹ̀ ẹ́". Ọmọ oníomi dé láti ilé ìwé. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó gun orí àga máṣíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò rẹ̀. "Fùn-ùn-ùn." Hóònù. Tiráfíkétọ̀. Ọ̀gá ní "tẹ̀ ẹ́", ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, máṣíìnì bú ramúramù, mẹkáníìkì fi orí gbá táńkì. Ó dìde, ó ń fi ọwọ́ pa orí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Alágbà," ó ní, "mo sọ fún yín pé kábúrétọ̀ ni." Mo fi ẹ̀bùn kún owó rẹ̀. Ó tún bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun bá mi kó bátìrì àtijọ́ dànù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo tún gba ẹnu ìsọ̀ rẹ̀ kọjá, bátìrì mi ń gbé rédíò rẹ̀ àti gílóòbù méjì.

Mo ṣì ń ròyìn ọgbọ́n mẹkáníìkì yìí fún ọdẹ lọ́jọ́ kan nígbà tí mo gbójú sókè, tí mo rí i tí ọmọ náà fi àtàǹpàkò ti nǹkan pupa kan lọ, tó tún tì í bọ̀: kà, kà. Mo sún mọ́ ọn. Mo tì í sí OFF, mo tẹ sítátà: ó dákẹ́. Mo tì í padà: ó dún. Mo wo ìta, mo wo ilé, mo rí i pé ọdẹ nìkan ló rí mi. Mo fún un lówó kó fi mu nǹkan tútù.

Ohun tí súìṣì yẹn wà fún kò ṣòro láti mọ̀. Bí ọwọ́ iná bá há, tí máṣíìnì ń bá ọ sá lọ, tàbí tí o ṣubú tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ, o kò ní ráyè wá kọ́kọ́rọ́. Àtàǹpàkò ọ̀tún nìkan ni wàá lò. Òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní September 1974 ló pàṣẹ pé kí gbogbo alùpùpù tí wọ́n bá tà níbẹ̀ ní in, kó sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Òfin yẹn kan náà ló fi jíà sí ẹsẹ̀ òsì. Ṣáájú ìgbà náà, BSA àti Triumph tí àwọn bàbá wa gùn máa ń fi jíà sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí bíréèkì wà ní òsì. Bí bàbá àgbà kan bá ń sọ pé òun fi Triumph ṣe ọ̀nà Abẹ́òkúta láìfarapa, ẹ gbà pé akin ni.

Ìmọ̀ yìí gùn mí. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ ní àdúgbò wa tí n kò ní bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti wo súìṣì?" Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kọ̀, mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ̀rọ ìlọta ìyá alátà dúró, èmi rèé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí pa iná bí wọ́n bá gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

Òjò wá dé. Ẹrẹ̀ ọ̀nà Odò Ẹran kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán, ẹni tó bá ti gbà á kọjá lóṣù July mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, n kò ní kọ ọ́ síbí nítorí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Máṣíìnì mi bẹ̀rẹ̀ àrùn mìíràn. Bó bá wà ní fírì, ó máa jí, á máa kùn jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fa kílọ́ọ̀ṣì tí mo kó o sí jíà kìíní báyìí, pọ̀ọ́, ó kú. Mo dá a padà sí fírì, ó jí. Mo kó o sí jíà, ó kú. Àmì tó ṣe kedere jù nínú gbogbo àìsàn máṣíìnì nìyí, ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ irú máṣíìnì yẹn yóò dá a mọ̀ láìbọ́ ẹ̀wù sílẹ̀. Èmi tí mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n súìṣì pupa, mo ní súìṣì pupa ni. Mo mú sìkúdíráfà. Mo tú ilé rẹ̀ lápá ọ̀tún. Sípíríǹgì kékeré kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ fò jáde, ó dún tín-ín lára géètì, ó sì bá ti òjò lọ.

Báyìí ni máṣíìnì tó ń kú bí mo bá kó o sí jíà ṣe di máṣíìnì tí kò jí mọ́ rárá.

Riwáyà tí mo wá pè ló fi wáyà so súìṣì pupa pọ̀, kó lè máa wà ní ON títí. Ó sì dá àrùn kejì mọ̀, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tọ wáyà kan láti abẹ́ àga lọ dé ìdí sítáńdì ẹ̀gbẹ́, ó ní, "Sẹ́ńsọ̀ sítáńdì ni. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn sẹ́ńsọ̀. Bí sítáńdì bá wà nílẹ̀, kò ní jẹ́ kó lọ."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n mo ti ká sítáńdì sókè."

Ó ní, "Sẹ́ńsọ̀ ò mọ̀. Ẹ jẹ́ n ṣe é dáréètì fún yín, Alágbà. Ọ̀kadà wo lẹ rí tó ní sẹ́ńsọ̀ sítáńdì ní Agege? Ṣé wọn ò gùn ún ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ó gé wáyà, ó so ó pọ̀, ó fi téèpù dúdú dì í. Mo kó o sí jíà kìíní, kò kú. Mo rẹ́rìn-ín. Owó tó gbà kò tó nǹkan, mo sì ń ròyìn rẹ̀ káàkiri pé ọmọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ ju ilé iṣẹ́ tó ṣe máṣíìnì lọ.

Kí n tó sọ ohun tó tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí nǹkan kan tí gbogbo wa mọ̀. Nílùú wa, bí ọlọ́kadà bá gbàgbé sítáńdì nílẹ̀, kò ní rìn jìnnà kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ẹlẹ́kọ yóò ké, ọmọ ilé ìwé yóò ké, awakọ̀ dánfó tó ń bá a jà tẹ́lẹ̀ yóò yọ orí jáde: "Sítáńdì! Sítáńdì ẹ o!" Mi ò tíì rí ẹni tó rí i tó dákẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ riwáyà mi kò tọ̀nà tán. Ọ̀kadà Agege ní sẹ́ńsọ̀. Ẹnu àwa èèyàn ni wọ́n fi sí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé máṣíìnì jáde láti lọ sí Fagba. Mo yí i pa dà lẹ́nu géètì, mo kó o sí jíà, ó lọ. Bó bá jẹ́ pé súìṣì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ni, ì bá kú síbẹ̀, èmi ì bá bojú wolẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ó lọ. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta gúgúrú, wọ́n ké. Nínú akoto, "sítáńdì" àti "ẹ jàre" kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mo rò pé páwà báìkì ni wọ́n ń yẹ́ sí. Mo juwọ́ sí wọn. Wọ́n ké sí i, wọ́n ń nàka. Mo tẹ hóònù fún wọn. Ọlọ́kadà kan sún mọ́ mi, ó ń bú mi, ó ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ mi. Mo rò pé bàtà tuntun mi ló ń yìn, mo gbé e sókè díẹ̀ kó lè rí i dáadáa.

Ó dé ibi tí mo fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì.

Ẹ̀gbẹ́ òsì ni sítáńdì máa ń wà. Bí o bá ń lọ tààrà, ó lè má kan nǹkan kan. Bí o bá yà sọ́tùn-ún, máṣíìnì á tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń gbé e kúrò nílẹ̀ ni. Àmọ́ bí o bá yà sósì, tí máṣíìnì tẹ̀ sósì, ẹnu irin yẹn yóò gúnlẹ̀, á gbé táyà ẹ̀yìn sókè, máṣíìnì kò sì ní lè tẹ̀ mọ́. Iwájú ló máa lọ, níbikíbi tí iwájú bá kọjú sí. Tèmi kọjú sí ìsọ̀ onípọ̀nmọ́. Mo rí i tí iná ṣẹ́ lára títì, mo gbọ́ kàrà-à-à, mo sì rí obìnrin kan tó gbé àga rẹ̀ sá. Lẹ́yìn náà, omi tútù.

Orúnkún mi bó, ọwọ́ mi bó, ògo mi náà bó. Pọ̀nmọ́ wà nínú akoto mi. Obìnrin náà kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn mí, ó rí i pé kò sí egungun tó ṣẹ́, inú wá bẹ̀rẹ̀ sí bí i ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa la ké! Gbogbo ìsọ̀ ló ké! Ẹ̀ ń juwọ́!"

Mo ní kó má bínú.

"Ẹ̀ ń juwọ́, bàbá yìí! Ẹ tún gbé ẹsẹ̀ sókè!"

Mo ra gbogbo pọ̀nmọ́ tó wà nínú bàsíà tí mo wọ̀. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi wo ọ̀rá pọ̀nmọ́, ó rántí ẹsẹ̀ màlúù ìjọ́sí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé máṣíìnì lẹ rà ni, àbí ìsọ̀ ẹran?" A jẹ pọ̀nmọ́ nínú ẹ̀fọ́, a jẹ ẹ́ nínú ẹ̀wà, a jẹ ẹ́ ní ata dídín. Ó dé ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ bèèrè bóyá a ti di gbèsè.

Ẹni tó gbà mí kò sí nínú àwọn tí mo ti ń sanwó fún. Màmá kan ni, ó ń gbé lókè ilé kejì, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ tẹlifóònù, láyé tí tẹlifóònù ṣì ń gba ojú wáyà wọlé. Ó wá kí mi kú ewu. Ó bẹ̀rẹ̀ wo máṣíìnì, ó rí téèpù dúdú, ó pa òṣé.

"Ọkọ mi," ó ní, "ìgbà wo gan-an ló ń kú?"

Nínú gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kan máṣíìnì yìí, àtèmi náà, kò sí ẹni tó bèèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó bàjẹ́ ni gbogbo wa ń wá. Màmá ń wá ìgbà tó ń bàjẹ́. Mo sọ fún un: fírì, ó ń jí, jíà, ó ń kú. Ó ní, "Ó ti sọ tẹnu rẹ̀ fún ọ tán."

Ó fi géètì Scheme ṣàlàyé fún mi. Ó ní iná tó ń ti bátìrì bọ̀ ní ọdẹ mélòó kan tó gbọ́dọ̀ kí kó tó dé ibi sítátà, ọdẹ kọ̀ọ̀kan sì ní ìbéèrè tirẹ̀. Fíùsì ńlá ni àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ lé e, súìṣì pupa tẹ̀ lé ìyẹn. Ọdẹ tó kàn á bi í pé, jíà wà ní fírì? Bó bá wà ní fírì, kí ó máa kọjá, kò sí ẹni tó máa bi í nípa sítáńdì. Bí jíà bá ti wọlé, ìbéèrè pọ̀ sí i: ṣé o fa kílọ́ọ̀ṣì? ṣé o ti ká sítáńdì? Bí èyíkéyìí nínú wọn bá jẹ́ rárá, sítátà kò ní dún. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí o kó o sí jíà nígbà tí ọdẹ sítáńdì rò pé ó ṣì wà nílẹ̀, yóò pa á mọ́ ọ lọ́wọ́. Gbogbo àwọn tí o pè, ó ní, ọdẹ tí kò ṣẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń lù.

Ó lọ mú tẹ́sítà rẹ̀ wá, ó dì í sínú aṣọ. Ó kọ́kọ́ fi kan bátìrì: 12.6. Ó ní bátìrì tó wà ní àlàáfíà nìyẹn, kí n tẹ sítátà kí òun wò bó ṣe ń lọ sílẹ̀ tó. Kò sún mọ́ 10 pàápàá. Ó ní, "Èyí tí o kó dànù náà, kí ló ka lórí tẹ́sítà?" N kò dáhùn. Rédíò mẹkáníìkì ló ń dún sí mi létí.

Ó tú téèpù riwáyà, ó yọ súìṣì sítáńdì. Ẹ̀rọ kékeré ni, ó ní orí kan tó yẹ kó máa wọlé, kó máa jáde bí sítáńdì bá ti ń lọ sókè sódò. Tèmi kò lọ, kò bọ̀. Ẹrẹ̀ Odò Ẹran ti gan mọ́ ọn lára. Ó yí tẹ́sítà sí ibi tó máa ń ké bí ọ̀nà bá là, ó fi kan ẹnu wáyà méjèèjì: kò ké, bí a ti ń ti orí yẹn tó. Ó ní kí n bu pẹtiróòlù díẹ̀ wá nínú ìdérí, kí n mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó. Mo fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́, omi dúdú jáde. A jẹ́ kó gbẹ. Ó tún fi tẹ́sítà kàn án: piii. Ó jọwọ́ rẹ̀: ó dákẹ́. Ó tì í: piii. A da gírísì díẹ̀ sí i, a dá wáyà padà sí bó ṣe wà. Mo ká sítáńdì, mo kó o sí jíà, kò kú. Mo tẹ sítáńdì sílẹ̀, ó kú. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí pé máṣíìnì mi kú.

Àwọn tó ṣe súìṣì yẹn mọ̀ pé a ó máa gbàgbé. Ní 1993, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jókòó, wọ́n sì gbé òfin odindi kan kalẹ̀ lórí sítáńdì alùpùpù nìkan: yálà kí sítáńdì ẹ̀gbẹ́ máa ká ara rẹ̀, tàbí kí ẹ́ńjìnnì má lè gbé máṣíìnì lọ nígbà tó bá wà nílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé iṣẹ́ ló tán lọ́wọ́ wọn. Pọ̀nmọ́ ti yí mi lọ́kàn padà.

Ó ku sípíríǹgì súìṣì pupa. Màmá tú wáyà tí riwáyà fi so ó pọ̀, ó wo ihò rẹ̀, ó ní kí n fún òun ní báírò tó wà lápò mi. Ó yí i, ó fa sípíríǹgì inú rẹ̀ yọ, ó gé e sí ìdajì, ó sì wọlé géérégé. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní, báírò náà ni kò kọ̀wé mọ́. Mo ní kí n fún Màmá lówó, ó kọ̀, ó ní bóyá pọ̀nmọ́ kù.

Ọmọ oníomi ṣì ń lọ sí Kánò lójoojúmọ́. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń yẹ ọwọ́ ọ̀tún wò kí n tó bọ́ síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú máṣíìnì yìí, bí iná bá tàn tí sítátà dákẹ́, ẹ wo súìṣì pupa kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bó bá ń kú nígbà tí ẹ kó o sí jíà, ẹ fi pẹtiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì bẹ súìṣì sítáńdì wò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é dáréètì fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ẹni tó gbàgbé sítáńdì nílẹ̀, ẹ ké sí i. Bó bá juwọ́ sí yín, ẹ tún ké.